Olùkọ́ Kẹ́mísírì Tí Bàbá Mi Yàn Fún Mi

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin tó ń gbé ìwé lọ síléèwé ní Warri, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọkùnrin kan ládùúgbò wa tí kì í ṣe ẹnjiníà. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má rò pé mo ń ṣàsọdùn. Owó epo rọ̀bì ti gòkè, gbogbo ayé sì ń rọ́ wá sọ́dọ̀ wa láti Èkó, láti Ìbàdàn, láti òkè òkun pàápàá. Ẹni tó ń tún fáànù ṣe, ẹnjiníà ni. Ẹni tó ń wa kiréènì, ẹnjiníà ni. Bí o bá ti ní àkẹtẹ̀ líle aláwọ̀ yẹ́lò kan tí o gbé sẹ́yìn mọ́tò, níbi tí àwọn tó wà níta á ti máa rí i, ẹnikẹ́ni ò tún ní bi ọ́ léèrè nǹkan kan mọ́.

Ìjẹ̀bú ni àwọn òbí mi ti wá. Akọ̀wé ìjọba ni bàbá mi, iṣẹ́ ló gbé e wá, inú ọgbà kan nítòsí Jakpa Road la sì ń gbé. Yorùbá là ń sọ nínú yàrá. Bí a bá ti fẹsẹ̀ kan ìta, ó di Píjìn. Ọgbà yẹn náà ni Ẹnjiníà tiwa ń gbé, ọkùnrin ará Èkó kan tó ti lé ní ogójì ọdún, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ epo kan. Ó máa ń gbé àkẹtẹ̀ yẹ́lò rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á sì fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì lórí ìjókòó, bí ẹni pé kànga epo lè bẹ́ láàárín ìwàásù kí wọ́n sì ránṣẹ́ pè é. Bàbá mi ka ọkùnrin yìí sí ju pásítọ̀ lọ.

Wàhálà tèmi ni kẹ́mísírì. Mo mọ orúkọ àwọn kẹ́míkà, mo mọ èyí tó ń jóni àti èyí tó ń rùn. Ohun tó ń lé oorun lójú mi ni ìṣirò rẹ̀: bí o bá po iye báyìí pọ̀ mọ́ iye báyìí, mélòó ni yóò jáde? Tíṣà wa, àgùnbánirọ̀ kan láti Ọ̀yọ́ tó ń gun kẹ̀kẹ́ wá láti Ugbolokposo, gbìyànjú lórí wa. Lọ́jọ́ kan ó kó ọsàn méjì àti àgbọn kan wá sí kíláàsì. Ó ní kí á kà wọ́n, a kà wọ́n: méjì àti ọ̀kan. Ó gbé wọn sórí ìwọ̀n, àgbọn kan ṣoṣo náà sì wúwo ju ọsàn méjèèjì lọ. Ó ní nọ́ńbà tí a ń kọ síwájú haidirójìn àti ọ́síjìn, iye ni, kì í ṣe ìwọ̀n. Ó ní ohun tí wọ́n ń pè ní móòlù dà bíi dọ́sìnnì: dọ́sìnnì ọsàn àti dọ́sìnnì àgbọn, iye wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n wo ẹni tí ọrùn rẹ̀ máa wọ̀. Móòlù haidirójìn méjì jẹ́ gíráàmù mẹ́rin, móòlù ọ́síjìn kan jẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n, omi tí wọ́n sì bí jẹ́ mẹ́rìndínlógójì. Gbogbo ohun tó wọlé ló jáde, kò sí èyí tó sọnù.

Mo délé, mo ròyìn fún bàbá mi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọsàn àti àgbọn kì í ṣe kẹ́mísírì, ọjà ni, àti pé ẹni tó bá mọ kẹ́mísírì ní Warri kì í gun kẹ̀kẹ́. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ló fà mí lé Ẹnjiníà lọ́wọ́. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ẹnjiníà á jókòó sórí àga bàbá mi, màmá mi á gbé omi tútù síwájú rẹ̀, èmi á sì kúnlẹ̀ kí i kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà tirẹ̀ kò le rárá. Haidirójìn méjì, ìyẹn gíráàmù méjì. Ọ́síjìn kan, gíráàmù kan. Omi méjì, gíráàmù méjì. Mo béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé níbo ni gíráàmù kan tó kù wọlé sí. Ó mu omi díẹ̀, ó nu ẹnu.

"Nínú iṣẹ́ epo, ọmọ mi, nǹkan gbọ́dọ̀ ṣòfò lọ́nà."

Bàbá mi mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ní Warri ìgbà yẹn, kò sí ẹni tí irú àlàyé bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì sí.

Mo mọ̀ pé nǹkan kan kò tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, báwo ni ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ṣe máa sọ fún ẹni tó tó bàbá rẹ̀, lójú bàbá rẹ̀, pé irọ́ ló ń pa? Alaalẹ́ ni bàbá mi ń yẹ ìwé mi wò, ohun tó bá sì rí tó jọ àgbọn, á fi bírò pupa fà á. Nígbà tí ìdánwò àṣejáde dé, ẹ̀rù bàbá mi àti ti Ẹnjiníà ló kọ ìwé yẹn, kì í ṣe èmi. Mo yege nínú gbogbo iṣẹ́ yòókù, mo fìdí rẹmi nínú kẹ́mísírì. Bẹ́ẹ̀ yunifásítì kan ti gbà mí láti kọ́ iṣẹ́ apòògùn, kìkì pé kí n ní kẹ́mísírì. Wọ́n ní àwọn á di àyè mi mú fún ọdún kan péré.

Bàbá mi di ẹ̀bi náà ru àgbọn. Ó ní kí n tún un ṣe ní Nọ̀fẹ́ńbà pẹ̀lú àwọn tí kò sí níléèwé mọ́, pé bí n kò bá yege, iléèwé tàípù kan wà ní Airport Road, òun sì ti bá ẹni tó ni ín sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ bàbá mi kì í yí padà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró tàípù nínú orí mi.

Màmá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó sọ fún bàbá mi pé àwa méjèèjì ń lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin, ó sì mú mi lọ sí Ugbolokposo. Àgùnbánirọ̀ náà ń kọ́ mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, màmá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gúsí. Gbogbo Sátidé la ń lọ. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó gbójú sókè kúrò nínú igbá rẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé èéfín tó ń jáde lára ohun tí a bá sun náà ní ìwọ̀n tiẹ̀?" Ọmọkùnrin náà ní ohun tí òun ti ń sọ láti bí ọdún kan nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo tún ń kúnlẹ̀ níwájú Ẹnjiníà, mo ń gbà pé nǹkan ń ṣòfò. Àmọ́ Ẹnjiníà ti yí padà díẹ̀. Ó ń bi mí ní ohun tí àgùnbánirọ̀ máa ń sọ nígbà tí mo wà níléèwé, ó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan. Mo rò pé ó fẹ́ fi ẹjọ́ ọmọ ọlọ́mọ sùn ni, nítorí náà ìdajì ni mo ń sọ fún un.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Gbọ̀ngàn iléèwé kan ní Warri ni, òógùn ti bo gbogbo wa kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Mo jókòó, mo kó bírò mi jáde, mo gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́ lórí tábìlì ẹ̀yìn mi. Mo mọ ikọ́ náà. Mo bojú wẹ̀yìn.

Ẹnjiníà ni. Kò dé àkẹtẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan ló wọ̀ bí ọmọ iléèwé, nọ́ńbà ìdánwò sì wà níwájú rẹ̀ bíi tèmi. Ó ti sọ fún bàbá mi pé òun ń lọ síbi iṣẹ́ epo lórí omi fún ọ̀sẹ̀ kan.

Mo ṣí ìwé. Ìbéèrè kẹta ni mo ń bẹ̀rù jù: bí a bá sun gíráàmù mẹ́wàá òkúta ẹfun títí tí kò fi sí ohun tó tún lè jáde nínú rẹ̀, gíráàmù mélòó ni afẹ́fẹ́ tí yóò jáde? Mo yí i sí móòlù, mo ṣírò rẹ̀, mo rí mẹ́rin pọ́íntì mẹ́rin. Mo ń tún un yẹ̀ wò nígbà tí ohùn kan ta sí mi létí láti ẹ̀yìn.

"Ọmọ yìí, mò ń pè ọ́."

N kò dáhùn. Ẹ̀yin tí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa, ẹ mọ ohun tó ná mi. Orúnkún mi ti ń sún mọ́ ilẹ̀ fúnra rẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Èmi ni mò ń pè ọ́ tí o ò dáhùn? Ṣé ó ń ṣòfò àbí kò ṣòfò?"

Bàtà olùṣọ́ ìdánwò ti dé ẹ̀gbẹ́ wa. Ọmọ Warri gidi ni, ọkùnrin gíga, kò pariwo.

"Oga, I don dey look you since." Ó wá yíjú sí mi. "Small girl, you sabi this man?"

Bí mo bá ní n kò mọ̀ ọ́n, àdírẹ́sì kan náà ló wà nínú fọ́ọ̀mù àwa méjèèjì. Bí mo bá ní mo mọ̀ ọ́n, wọ́n lè fagi lé ìwé wa, kí tàípù sì di tèmi títí ayé.

"Yes, sir. Na my chemistry teacher."

Ẹ̀rín bú láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Olùṣọ́ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó gba ìwé lọ́wọ́ àwa méjèèjì, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó ń wo ìbéèrè kan tẹ̀ lé òmíràn. Nínú tèmi, mẹ́rin pọ́íntì mẹ́rin. Nínú tirẹ̀, ó ti kọ mẹ́wàá, ó fagi lé e, ó kọ mẹ́jọ, ó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé méjì ṣòfò. Kò sí ìdáhùn kan tó jọra láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"This one no copy from that one," ni olùṣọ́ wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó dá ìwé mi padà fún mi. Ó mú Ẹnjiníà lọ sí ìlà iwájú, ó fún un ní tirẹ̀ náà, ó sì dúró tì í títí aago fi lù.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, nígbà tí bàbá mi kò sí nílé, Ẹnjiníà wá. Orí àpótí ìdáná màmá mi ló jókòó sí, kì í ṣe orí àga. Ó ní kọ́kọ́rọ́ yàrá irinṣẹ́ ni òun ń tọ́jú níbi iṣẹ́. Ẹnì kan ló pe òun ní ẹnjiníà lẹ́nu géètì lọ́sẹ̀ tí òun dé, ó sì dùn létí òun, òun kò wá bá a jiyàn. Ní báyìí, ilé iṣẹ́ ti ní kí gbogbo ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí lọ wá a tàbí kí ó máa lọ sílé. Nígbà tí bàbá mi ní kí òun wá kọ́ mi, òun rí i pé ibẹ̀ ni ìwé tí òun náà lè fi múra ìdánwò wà. Ó wò mí, ó ní, "Mo ba ìdánwò rẹ àkọ́kọ́ jẹ́. Má bínú."

Inú ń bí mi gan-an. Ọdún mi ló jẹ. Mo ń dúró kí màmá mi bá mi bá a wí. Ó kó èèpo ẹ̀gúsí kúrò lórí aṣọ rẹ̀, ó ní, "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ṣì ṣófo."

Bí mo ṣe di olùkọ́ rẹ̀ nìyẹn. Bàbá mi á kọjá, á rí àwa méjèèjì lórí ìwé, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà." Nígbà tí èsì jáde tí mo ní kírẹ́dììtì, ó pa adìyẹ fún un. Ọkùnrin náà jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n mo rí i pé kò rọrùn lọ́fun rẹ̀, nítorí òun kò yege. Mo lọ sí yunifásítì, màmá mi gba ìjókòó mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ń bi í léèrè ibi tí èéfín gbà lọ. Ẹnjiníà yege lọ́dún tó tẹ̀ lé e, díẹ̀ báyìí ló kù kó fìdí rẹmi. Títí bàbá mi fi kú, a kò sọ fún un.

Ayé ti yàtọ̀ o. Àwọn ọmọ ọmọ mi ń fi Píjìn dá mi lóhùn, fóònù wọn sì ti ṣírò ọ̀rọ̀ òkúta ẹfun kí n tó rí awò ojú mi. Ọmọdé lè sọ fún àgbà lónìí pé ìṣirò rẹ̀ kò tọ́, ilé kò sì ní wó. Ó dára bẹ́ẹ̀. Oyè nìkan ni kò dínkù. Ara gbogbo géètì ní òpópónà wa ni wọ́n kọ ọ́ sí, dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnjiníà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Nígbà kan, mo máa ń fi Ẹnjiníà ọgbà wa ṣe ẹ̀fẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi ní yunifásítì, a ó rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa. N kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ìtàn náà báyẹn mọ́. Nínú gbogbo ẹnjiníà tí mo mọ̀ ní Warri láyé ìgbà yẹn, òun nìkan ni mo fi ojú ara mi rí tó jókòó ṣe ìdánwò.