Àdúrà Tí Wọ́n Gbà fún Ojú Mi ní Ìdànrè

Fọ́tò kan wà lára ògiri pálọ̀ ọ̀rẹ́ mi ní Ìkòsì. Obìnrin mẹ́rin ló dúró nísàlẹ̀ òkè Ìdànrè, mẹ́ta ń rẹ́rìn-ín, ẹnì kan lejú koko. Èmi lẹni tó lejú yẹn. Ó ti fi férémù sí i, ó sì máa ń fi han àlejò. Ìgbàkúùgbà tí mo bá rí i, inú mi a tún máa ru bíi pé àná ni.

Ohun tó gbé mi dé ibẹ̀ ò ṣòro láti sọ. Lọ́dún yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn. Mo ń kọlu ọmọ ọlọ́mọ lọ́jà Kétu. Bí mo bá ń wa ọkọ̀, ọlọ́kadà á ṣàdédé yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á bú mi dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni mi ò rí i títí tó fi kọjá. Dókítà ojú tí mo lọ rí ní Gbàgádà ní àìsàn kan ti pẹ́ lójú mi. Ó ní ṣe ló ń gé ohun tí mò ń rí kúrò láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, díẹ̀díẹ̀. Oògùn tí òun fún mi láti máa kán sójú lè dín eré rẹ̀ kù, àmọ́ èyí tó ti lọ ti lọ nìyẹn. Mo bi í pé ìgbà wo ni yóò lọ tán. Ó ní òun kì í ṣe Ọlọ́run.

Mo délé, mo jókòó sójú wíńdò. Láti wíńdò wa, ohun tó jìnnà jù tí èèyàn lè rí ni ògiri ilé kejì àti táǹkì omi tó wà lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ tí a ti kó wọ ẹsíteéètì yẹn ni mo ti ń wo táǹkì náà. Mo wá sọ fún ara mi pé mi ò ní lo ojú mi tán lórí táǹkì omi. Mo fẹ́ dúró síbi gíga kan lẹ́ẹ̀kan péré, kí n wo ayé láti ọ̀tún dé òsì, nígbà tí mo ṣì ní ọ̀tún àti òsì.

Ọ̀rẹ́ mi nìkan ni mo sọ fún. Ilé wa dojú kọ ara wọn, àwọn ọmọ wa jọ dàgbà ni. Mo ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má lọ máa fi ojú àánú wò mí ládùúgbò. Ó gbá àyà, ó ní, "Èmi? Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ṣé mo ya wèrè ni?" Òun náà ló ṣètò ìrìn àjò náà, nígbà tí ìsinmi Iléyá bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀ tí ìjọba sì fi ọjọ́ Ajé kún un. Ó pe àwọn méjì mọ́ wa nínú ṣọ́ọ̀ṣì: Ìyá Ìbejì tó ń gbé ìsàlẹ̀ àdúgbò wa, àti ọ̀rẹ́ wa kan tó jẹ́ ọ̀gá ní báńkì, torí òun ló ní jíìpù.

Bí a ṣe wọ agbègbè Oǹdó ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ wàhálà wọn. Ìyá Ìbejì rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ó pariwo pé ká dúró. A dúró. A rìn síwájú díẹ̀, ó rí ìgbín. A tún dúró. Ẹ gbà mí o: ẹni tó ń gbé Ìkòsì, tí atẹ́gùn ọjà Mile 12 ń gbé òórùn tòmátì wọ yàrá rẹ̀ láràárọ̀, tí gbogbo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ń wá bá lẹ́nu ọ̀nà, kí ló ń ná ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí lójú ọ̀nà Oǹdó?

"Èyí fresh jù ti Mile 12 lọ," ló wí. "Ibí gan-an ni àwọn yẹn ti ń wá rà á."

Nígbà tí a fi máa dé Ìdànrè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti kún orí itan mi, ìgbín kan sì ti jáde nínú àpò, ó ń fà lọ lórí bàtà mi. Ilẹ̀ ti ṣú. Mi ò rí òkè kankan.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo ṣílẹ̀kùn ilé ìtura tí a wọ̀, òkè náà sì nìyẹn níwájú mi, àpáta gàgàrà tó dúró lórí ìlú. Inú mi dùn débi pé mo ti wọ bàtà kí àwọn tó kù tó fọ ẹnu. Wọ́n ní ká kọ́kọ́ lọ sọ́jà ní Àkúrẹ́, pé a ó tètè dé. A ò tètè dé. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ọ̀gá báńkì ní òun ò lè pa ìsìn jẹ nítorí òkè. A jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní iyán. A jẹyán tán, òjò dé. Ọ̀rẹ́ mi tó mọ ohun tó gbé mi wá mọ̀ọ́mọ̀ ń yẹra fún ojú mi ní gbogbo ìgbà yẹn. Mo rò pé ojú ló ń tì í.

Nírọ̀lẹ́, bí òjò ṣe dá, wọ́n ní ká gbàdúrà pa pọ̀. Kí ẹni tí kò bá sí nínú irú ìjọ tiwa lè mọ̀: nǹkan tí èèyàn ò gbọ́dọ̀ sọ lójúde, ó lè sọ ọ́ nínú àdúrà, kò sì sẹ́ni tí yóò pè é ní olófòófó. Prayer point la ń pè é. Ìyá Ìbejì mú tirẹ̀ wá lórí ọmọ rẹ̀ tó ń wá ilé ìwé. Ọ̀gá báńkì mú tirẹ̀ wá lórí ibi iṣẹ́. Ó kan ọ̀rẹ́ mi. Ó di ọwọ́ mi mú gírígírí.

"Ẹ jẹ́ ká gbé ojú sister wa yìí lé Ọlọ́run lọ́wọ́," ló wí. "Doctor ní ó ń fọ́ lọ. A kọ report doctor!"

"A kọ̀ ọ́!" làwọn méjèèjì dáhùn, kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n ń kọ̀. Nígbà tó wá yé wọn, wọ́n la ojú, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ọwọ́ Ìyá Ìbejì ṣì ń rùn ìgbín. Mo jókòó síbẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ wọn.

Nígbà tí wọ́n ṣe àmín tán, mo fa ọ̀rẹ́ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, "Ṣé bó o ṣe ṣèlérí fún mi nìyẹn?"

"Mi ò sọ fún èèyàn kankan," ló dá mi lóhùn, ojú rẹ̀ ò tiẹ̀ wálẹ̀. "Àdúrà ni mo fi gbà."

Mo jí lọ́jọ́ Ajé, kò sẹ́nì kankan nínú yàrá. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ilé ìtura ní, "Aunty, wọ́n ti gòkè lọ o. Wọ́n ní ká jẹ́ kẹ́ ẹ sùn dáadáa." Mo jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Ojú ọjọ́ mọ́ kedere láàárọ̀ ọjọ́ náà. Igi tó wà lókè lọ́hùn-ún gan-an, mo lè rí i. Ibẹ̀ ni mo wà títí wọ́n fi dé, tí òógùn bò wọ́n, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi na fóònù sí mi.

"Wò ó, mo ṣe fídíò ẹ̀ fún ẹ, gbogbo ẹ̀ pátá. Step yẹn ń yọ̀, a ò fẹ́ kó o ṣubú. Bí nǹkan bá ṣe ẹ́ níbẹ̀, kí la fẹ́ sọ fún Daddy wọn nílé?"

Mo gbá fóònù náà kúrò lójú mi. Ká má purọ́, ó wù mí kí n fi gbá a lẹ́nu.

Wọ́n kó ẹrù sọ́kọ̀, a gbéra. Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ti ń gun òkè, mo ní kí ọ̀gá báńkì dúró. Ó rò pé mo fẹ́ tọ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, mo ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúrò lórí itan mi, mo bọ́ sílẹ̀.

"Níbo lò ń lọ?" ni Ìyá Ìbejì ké. "Àwọn ìgbín yìí máa kú o!"

"Kí wọ́n kú," ni mo wí.

Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi ti ní ká kọ́kọ́ ya fọ́tò, ó kéré tán. Fọ́tò tó wà lára ògiri nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni mo di irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn náà mú, mo ń lọ. Ẹsẹ̀ mi ń wá ibi tí yóò tẹ̀, mo ń dúró mí, mo ń bú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń gòkè. Wọ́n pè mí títí, mi ò wẹ̀yìn. Ìkùukùu ti ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà yẹn. Mo rí i, mo sì tún ń lọ, mo rò pé màá yára jù ú lọ.

Mo dé òkè. Mo dúró, mo di irin mú, mo yíjú sí ibi tó yẹ kí ayé wà. Funfun ni. Kò sí ìlú, kò sí igi, òkè kejì tó wà nítòsí gan-an ò sí. Mo dúró títí kó lè ká kúrò, kò ká. Mo sunkún níbẹ̀, mi ò pa á mọ́ra, torí kò sẹ́ni tó lè gbọ́ mi. Àárọ̀ yẹn ni tèmi, àwọn ni wọ́n lọ lò ó.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rẹ́ mi sáré wá pàdé mi.

"Kí lo rí?"

Mi ò lè fún un ní ẹkún mi náà. "Gbogbo ẹ̀," ni mo wí. "Mo rí gbogbo ẹ̀, dé ìpẹ̀kun."

"Ẹ rí i?" ni Ìyá Ìbejì ké láti inú ọkọ̀. "Àdúrà ti ń ṣiṣẹ́!"

Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tán síbẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọ̀rẹ́ mi jáde síwájú, ó gba máìkì, ó sì jẹ́rìí. Ó ní dókítà ti sọ pé ojú arábìnrin òun ń fọ́, àwọn gbé e lé Ọlọ́run lọ́wọ́ ní Ìdànrè, ní ọjọ́ kejì ó dá gun òkè, ó sì rí ayé dé ìpẹ̀kun. Gbogbo ìjọ pariwo halelúyà. Wọ́n ní kí n dìde dúró kí wọ́n rí mi.

Mo dìde. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ lọ́tùn-ún, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ lósì, mò ń gbọ́ ariwo wọn ní ẹ̀gbẹ́ mi méjèèjì. Òun nìkan ni mo rí, níwájú lọ́hùn-ún, tó ń rẹ́rìn-ín sí mi.