Ń Tí Wọ́n Yọ Lára Òjò

Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì wa, tó jẹ́ olùkọ́, ló kó ewì kúkúrú wọ Igbó-Ọrà. Ìlà mẹ́ta péré: sílébù márùn-ún, méje, márùn-ún, kí ó sì dá lórí ewé, ẹranko tàbí ojú ọjọ́. Kí ènìyàn tó jókòó dáadáa láti gbọ́ ọ, ó ti tán. Ọ̀làjú dé! Èmi tí mo máa ń fi odindi ìrọ̀lẹ́ ròyìn bí mo ṣe lọ sí Èrúwà tí mo sì bọ̀.

Ọmọ wa ní èyí tó bá dára jù ni àwọn yóò fi ọ̀dà kọ sára ògiri ilé ìwé, lẹ́bàá títì. Mo ní èmi náà yóò kọ tèmi. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin? Ìlà mẹ́ta? Ẹ ò ní tíì kí ènìyàn tán níbẹ̀.”

Mo ní dandan ni kí tèmi wà lára ògiri yẹn, kí obìnrin yìí máa kà á bó bá ń lọ sọ́jà. Òjò pẹ́ lọ́dún náà, ewé àgbàdo gbogbo wa ti ń rọ. Mo kọ ọ́ báyìí:

Òjò ń bọ̀ lókè,
Àgbàdo nawọ́ sí i,
Ọ̀pọ̀lọ́ dákẹ́.

Ọmọ mi fi ìka kà á. “Bàbá, mẹ́fà ni ìlà àkọ́kọ́.”

“Mẹ́fà báwo?”

“Sílébù kan ni ń yẹn, sà.”

“Nǹkan tí kò tó èékánná?”

“Ẹ yọ ọ́, kó lè wọlé.”

Mo yọ ọ́. Kí ni òtítọ́ já mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sílébù? Wọ́n mú tèmi, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri: Òjò bọ̀ lókè. Oòrùn sì ń yan wá bí iṣu.

Ọlọ́kadà kan dúró. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ibo lòjò ọ̀hún gbà bọ̀? Àbí Lánlátẹ̀ ló yà sí?”

Èyí kò dùn mí. Àgbẹ̀ aládùúgbò wa, tí àgbàdo rẹ̀ ti kú tán, ló wo ògiri, tó wò mí, tó sì kọjá láìkí mi. Ìyẹn dùn mí.

Ìyàwó mi mú èédú nídìí ààrò, ó lọ fi kọ “ń” padà sáàárín “òjò” àti “bọ̀”, pẹ̀lú àmì lórí.

“Ìyá Ìbejì, o ti bà á jẹ́! Ó ti di mẹ́fà!”

“Kó jẹ́ mẹ́fà. Kò ṣáà parọ́ mọ́.”

Nígbà tí òjò wá rọ̀, ńṣe ló fọ èédú náà dànù. Òjò bọ̀ lókè: sílébù márùn-ún géérégé, òtítọ́ pọ́ńbélé. Àgbẹ̀ yẹn tilẹ̀ dúró kí mi, ọkọ́ léjìká. Mo fẹ́ máa yangàn, ni àwọn ọ̀pọ̀lọ́ inú kòtò bá fariwo bọnu.

“Bàbá Ìbejì,” ìyàwó mi ní, “ṣé kí n tún lọ mú èédú wá fún ìlà kẹta?”