Àáró Ọmọ ní Ẹnu Ọ̀wá

Àwọn kan ń fi ilé bàbá wọn yangàn, àwọn mìíràn ń fi ọmọ tó wà lókè òkun ṣe fáàrí. Èmi, òṣùká ni mo ní. Òṣùká alákìísà kan wà nínú àpótí mi títí dòní, kò sì sí ẹni tó lè ní kí n jù ú nù ká má jà. Ẹ fara balẹ̀, kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira, inú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ẹnu Ọ̀wá là ń gbé, níbi tí a ti lè rí òrùlé Ìga, ààfin Ọba Èkó. Bàbá mi ń ránṣọ nísàlẹ̀ ilé, ìyá mi sì ń ta aṣọ ní Jánkárà. Ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ obìnrin ilé wa ti ń tajà. Láti Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti wá, wọ́n sì ti fi àwọn ìyá àgbà tí ìbá bá wọn gbé ọmọ sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Jẹ́lé-ó-sinmi kan wà lápá Tinúbú, tí àwọn ọmọ akọ̀wé ń wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun lọ, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń gbà lóṣù níbẹ̀ ju agbára aláta lọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí oòrùn ọjà máa pa ọmọ òun á gbé e ránṣẹ́ sílé. Nígbà tó bá fi máa tún rí i, ọmọ á ti máa sá fún un.

Ìyá mi ló mú àbá wá pé kí wọ́n máa ṣe àáró ọmọ. Ẹ mọ bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń ṣe é: lónìí gbogbo wọn á ro oko tèmi, lọ́la wọ́n á ro tìrẹ, ẹnikẹ́ni kò ní san owó fún ẹnì kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwọn. Obìnrin kan á jókòó ti gbogbo ọmọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, àwọn yòókù á kó ọjà rẹ̀ mọ́ tiwọn, wọ́n á bá a tà á, wọ́n á sì mú owó rẹ̀ wá fún un nírọ̀lẹ́. Èmi náà, bí mo bá ti dé láti iléèwé, ikun imú ni mo máa ń nù kiri.

Wàhálà rẹ̀ kò kéré. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí aláta kan nínú wọn bá ìyá mi ta aṣọ, ó ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é nídìí ata: bó ti ń gé aṣọ fún oníbàárà, bẹ́ẹ̀ ló ń gé èènì lé e. Ìyá mi pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há, lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín. Àáró kò torí ìyẹn dúró.

Nígbà tó yá, alábàárù kan gba yàrá kékeré tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn wa. Ẹrù àwọn oníbàárà ló ń rù ní Jánkárà láti àárọ̀ dalẹ́. Ọkọ rẹ̀ ti rìnrìn àjò, kò sì padà wá mọ́. Kò lè pọn ọmọ ọmú rẹ̀ kó tún ru ẹrù, nítorí náà abẹ́ tábìlì oníṣòwò kan ló máa ń tẹ́ ẹ sí. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ gbọ́, wọ́n sì ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá gba ọmọ àwọn. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sínú àáró yín. Tí wọ́n bá gbé ọmọ yìí lọ, mi ò mọ ohun tí mo tún ń ṣe l'Ékòó.”

Ìyá mi pe àwọn yòókù jọ. Ọlọ́ṣẹ, tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Kí la fẹ́ bá a tà? Àbí ká gbé orí ẹ̀ sórí àtẹ?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ lọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò lọ́jà, báwo ló ṣe fẹ́ ṣe àáró ọjà? Aláta ní kí wọ́n kàn máa bá a gbé ọmọ náà lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí Ọlọ́run. Alábàárù náà mi orí.

“Ẹ ṣé o, mà. Mi ò fẹ́ sàárà. Àáró ni mo fẹ́.”

Ìyá mi wá ní, “Ó dáa. Ọjọ́ tó bá kàn án láti jókòó ti àwọn ọmọ, ọ̀kan nínú wa á ru ẹrù dípò ẹ̀. Èmi ni mo máa kọ́kọ́ rù ú.”

Bàbá mi gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀, ó sì gòkè wá. “Ìyàwó tèmi ò ní di alábàárù ní Jánkárà.”

“Kò burú,” ni ìyá mi dá a lóhùn. “Tẹ́ ẹ bá ti lè bá wa jókòó ti àwọn ọmọ lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní rù ú.”

Bàbá mi padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

A wà ní họlidé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó kan alábàárù láti jókòó ti àwọn ọmọ, nítorí náà mo tẹ̀ lé ìyá mi. Alábàárù fún un ní òṣùká tirẹ̀, èyí tó wà nínú àpótí mi dòní. Ìyá mi wọ bùbá tó ti ṣá, ṣùgbọ́n ìrìn rẹ̀ kò yí padà, ó ń yan bí ẹni tó ń lọ síbi ìgbéyàwó. Ó ti ru ẹrù ẹni bíi mélòó kan kí obìnrin ìdílé Sàró kan tó pe alábàárù láì wẹ̀yìn. Oníbàárà ìyá mi ni obìnrin yìí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti máa ń ra aṣọ tó dára jù. Nígbà tó yíjú tó rí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ agbọ̀n iṣu rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò lè padé.

“Ìyá Aláṣọ! Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ọjà yín bà jẹ́ ni?”

“Kò bà jẹ́ o, mà. Àáró ni mò ń ṣe. Níbo lẹ páákì mọ́tò yín sí?”

Gbogbo ìlà àwọn aláṣọ ló na ọrùn wò ó. Ìyá mi gbé agbọ̀n náà ka orí, ó nà ró, ó sì kọjá láàárín wọn. Orí mi wú. Ó ń ṣe mí bíi kí n máa ké sí gbogbo ọjà pé ìyá mi nìyẹn.

Nírọ̀lẹ́, ó fi owó náà lé alábàárù lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ti sùn káàkiri orí ẹní, ọmọ tirẹ̀ sì wà láàárín wọn. Obìnrin náà tún fẹ́ kúnlẹ̀.

“Dìde jàre,” ni ìyá mi wí, ó ń fọwọ́ ra ọrùn. “Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ìwọ lo máa bá mi ta aṣọ. Má bá mi fi èènì sí i o!”

Àwọn ẹbí ọkọ kò gbàgbé ọ̀rọ̀ wọn. Àgbàlagbà kan àti ìyàwó rẹ̀ dé láti Ọ̀yọ́, wọ́n tilẹ̀ mú aṣọ òtútù dání tí wọ́n fẹ́ fi wé ọmọ náà nínú lọ́rì. Ó bọ́ sí ọjọ́ tí alábàárù ń tọ́jú ọmọ. Wọ́n bá a láàárín àwọn ọmọ, ó ń fún wọn lẹ́kọ mu, tirẹ̀ sì sanra lórí itan rẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wò. Àgbàlagbà náà bi í léèrè ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ́jà.

Kó tó dáhùn, ọlọ́ṣẹ wọlé. Òógùn bò ó, òṣùká ṣì wà lórí rẹ̀. Kò tilẹ̀ rí àwọn àlejò, ó kàn na owó sí alábàárù.

“Gba owó iṣẹ́ ẹ. Ọrùn ń dùn mí o, Ìyá Ọmọ. Báwo lo ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́?”

Àgbàlagbà náà wo òṣùká orí ọlọ́ṣẹ pẹ́. Ó gba aṣọ òtútù náà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó fi bo ẹsẹ̀ ọmọ náà níbi tó jókòó sí, ó sì dìde.

“Ó yá, ká máa lọ wá lọ́rì,” ló wí. “Àwa méjì la wá, àwa méjì náà la ó padà.”