Àbíkẹ́ Aládìn-ín àti Ẹni Tí Ìjọba Ń Lé Dé Àjàṣẹ́

Àdín àgbọn ni Àbíkẹ́ ń ṣe ní Ọjọ́, ìlú wa, ọkọ̀ ojú omi ló sì fi ń gbé e lọ tà ní Àjàṣẹ́, níbi tí Faransé ti ń jọba nígbà náà. Opó ni, ó mọ ọkọ̀ ọ́ tù ju ọkùnrin lọ, kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni.

Ní ọdún tí ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wá kí wa, Adélékè, tó ń pín oògùn nílé ìwòsàn ìjọba ìlú wa, dìde lọ́jà Ìbà tó wà nítòsí. Ó ní, “Ẹ̀yin ará, omi ṣúgà ni wọ́n ní kí n máa fún yín mu! Ọ̀gá mi ti ta oògùn ibà.”

Bàbá Àlàní, àgbàlagbà kan nínú ìlú, ló kọ́kọ́ bínú sí i. Wọ́n ní, “Oògùn yẹn ti wò mí sàn. Ta ló bi í léèrè?”

Ìjọba náà bínú, àmọ́ wọn kò béèrè oògùn; Adélékè ni wọ́n ń béèrè. Kí wọ́n tó dé, Àbíkẹ́ ti fi apẹ̀rẹ̀ àgbọn bò ó nínú ọkọ̀, ó ti gbé e dé Àjàṣẹ́, ó sì ti padà.

Ó pẹ́ tí ìlú ti ń tọrọ dókítà. Ìjọba ní kò sí ọkọ̀ tí yóò gbé e wá. Ṣùgbọ́n nítorí Adélékè, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì gúnlẹ̀, ọlọ́pàá kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Àwọn ìyá kan tilẹ̀ sáré gbé ọmọ aláìsàn lọ sétí omi, wọ́n rò pé dókítà ló dé.

Ọ̀gá ọlọ́pàá bi Àbíkẹ́ pé, “Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ gbé ọ̀daràn sá lọ?”

“Rárá o. Olóòótọ́ ni mo gbé. Ọ̀daràn ṣì wà nílé ìwòsàn, kò tíì sá.”

Ni wọ́n bá tì í mọ́lé. Ilẹ̀ kò tíì ṣú tí àwọn obìnrin ìlú fi dé. “Èmi ni mo tukọ̀!” “Èmi ni mo gbẹ́rù lé e lórí!” Bàbá Àlàní pàápàá ní àwọn ló ti ọkọ̀ sómi. Wọ́n pọ̀ ju ohun tí àtìmọ́lé lè gbà, ni àwọn ọlọ́pàá bá tú Àbíkẹ́ sílẹ̀.

Àwọn ọlọ́pàá forí lé Àjàṣẹ́. Faransé ní, “Ẹni tiwa tó ṣe irú rẹ̀ ti sá sọ́dọ̀ yín l'Ékòó. Ẹ kọ́kọ́ dá a padà.” Wọ́n padà lọ́wọ́ òfo. Ọ̀gá tó ta oògùn? Ìjọba gbé e lọ ṣe ọ̀gá ní ilé ìwòsàn tó tóbi ju tiwa lọ.

Adélékè ń gbé ní Àjàṣẹ́, ó ń ta oògùn tí kì í ṣe omi. Gbogbo ìgbà tí Àbíkẹ́ bá lọ ọjà ló ń ra oògùn lọ́wọ́ rẹ̀ bọ̀ fún aláìsàn ìlú, Bàbá Àlàní ló sì máa ń kọ́kọ́ nawọ́.