Orúkọ Tí Tíṣà Margaret Gbé Sọnù

Wọ́n ní èpè ni. Wọ́n ní abọ̀ṣun kan ní Òkúkù ló gégùn-ún fún Tíṣà Margaret, pé ọjọ́ tó bá pe orúkọ ọmọ ọlọ́mọ ní àbọ̀, ọjọ́ náà ni ẹnu rẹ̀ yóò wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n ní ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láràárọ̀, tó bá ṣí réjísítà ní kíláàsì rẹ̀ ní Ìkìrun, kì í pe "Ràfíù" kó dákẹ́, àfi kó pè é délẹ̀: Ràfíù Àjàní, ọmọ Múfútáù, ará ilé Alágbẹ̀dẹ. Àwọn ọmọ á máa rẹ́rìn-ín, oòrùn á máa gòkè, ìṣirò á jókòó síbẹ̀ á máa dúró dè wọ́n.

Nídìí ẹ̀rọ ìlọta ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ èpè yìí, ẹni tó ń sọ ọ́ sì ń bura. Mo ní kó má bura mọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni èmi àti Tíṣà Margaret fi jọ gbé ilé kan náà, ògiri kan ṣoṣo ló là wá láàárín, ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ ọ, níbi tí a ti jọ ń ṣa ẹ̀wà. Ẹnikẹ́ni ò gégùn-ún fún un. Ẹ jẹ́ n rò ó bó ṣe rí.

Ọmọ Adéjàre ni Margaret, ọkùnrin tó ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìkìrun nígbà náà. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ bá ń fi agogo pe gbogbo ìlú jọ, kò sí bí òun náà kò ṣe ní fẹ́ràn kó máa pe ènìyàn jọ. Ní ọdún 1956 ló wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn obìnrin tó fẹ́ di tíṣà, èyí tó wà lẹ́yìn ìlú. Nígbà tó débẹ̀, ohun tó bá kò dùn mọ́ ọn. Yàrá ńlá kan ni gbogbo wọn ń sùn, ṣùgbọ́n ìlú mẹ́ta ló wà nínú yàrá náà. Àwọn ọmọ Ìkìrun gba ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní àwọn ni onílé. Àwọn ọmọ Inísà wà láàárín. Àwọn ọmọ Òkúkù gba ẹ̀bá fèrèsé. Àwọn Ìkìrun á ní kí ọmọ Òkúkù tó fi oríkì kí ọ káàárọ̀ tán, ilẹ̀ á ti ṣú. Àwọn Òkúkù á ní ọmọ Ìkìrun kì í wo ojú ènìyàn, ọwọ́ ènìyàn ló máa ń wò, bóyá nǹkan wà níbẹ̀. Àwọn Inísà ò ní bá ẹnikẹ́ni jà ní tiwọn. Wọ́n kàn máa ń ti àpótí wọn pa gbàgà tí ẹlòmíràn bá ń kọjá. Bí wọ́n bá sì gbé oúnjẹ wá fún wọn láti ilé, kálukú á kó tirẹ̀ sí igun, á kẹ̀yìn sí ará yòókù, á máa jẹ ẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí eku.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, Margaret yá abọ́ tánńganran ńlá kan ní ilé ìdáná, ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò, ó da ẹ̀pà tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i sínú rẹ̀ pátá. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ jẹ níbẹ̀, kó kọ́kọ́ wá bá òun gbàdúrà. Àwọn mẹ́fà ló wá. Òun fúnra rẹ̀ máa ń rẹ́rìn-ín bó bá ń sọ ọ́ fún mi, ó ní ẹ̀pà ló kó wọn wá, Ọlọ́run ló dá wọn dúró. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ Inísà kan bu gààrí wá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ Òkúkù kan gbé ẹja gbígbẹ dé. Bí ẹgbẹ́ àdúrà wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, pé ohunkóhun tó bá ti ilé ẹnikẹ́ni wá, inú abọ́ yẹn ni yóò wọ̀. Kí ọdún tó yípo, wọ́n ti lé ní ọgbọ̀n, àwọn tó ń kẹ̀yìn síra wọn sì ti ń di irun fún ara wọn.

Ibi tó ti dùn yẹn náà ni àṣìṣe gbà wọlé. Àṣà ìgbà náà ni pé bí ènìyàn bá di onígbàgbọ́, yóò gba orúkọ tuntun. Ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ onífá, wọn á yọ Fá kúrò níwájú orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ìyá rẹ̀ jẹ́ abọ̀ṣun, wọn á yọ Ọ̀ṣun. Margaret ló ń kọ ìwé ẹgbẹ́, nítorí lẹ́tà rẹ̀ dára bí ẹni ta iṣẹ́ sára aṣọ. Òun náà ló gbé òfin kan kalẹ̀, wọ́n sì fẹ́ràn òfin ọ̀hún nítorí ẹ̀rín tó wà nínú rẹ̀, pé ẹni tó bá ṣèèṣì fi orúkọ àtijọ́ pe ẹnì kejì, òun ni yóò fọ abọ́ lọ́jọ́ náà. Ta ló fẹ́ fọ abọ́ tí ọgbọ̀n ènìyàn ti fi jẹ epo? Láàárín oṣù mélòó kan, ẹnu gbogbo wọn ti gbàgbé àwọn orúkọ wọ̀nyẹn.

Ọ̀kan wà nínú àwọn ọmọ Òkúkù, Ọ̀ṣuntóyìn, ọmọ Fátóògùn. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í ròkè ju ti ẹyẹlé lọ, òun sì ni Margaret fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Ẹní kan náà ni wọ́n jọ ń tẹ́. Lọ́jọ́ tó darapọ̀ mọ́ wọn, Margaret kọ ọ́ sínú ìwé pé Dọ́káàsì Olútóyìn. Ó yọ Ọ̀ṣun ìyá rẹ̀, ó yọ Fátóògùn bàbá rẹ̀. Ọmọ náà rán ẹnìkan sí Òkúkù pé kó sọ fún ìyá òun pé òun ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì, pé kí ìyá má bínú, kí wọ́n sì wá wo òun ní ọjọ́ àbẹ̀wò.

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ọjọ́ àbẹ̀wò wọn. Ilẹ̀ ọjọ́ náà mọ́, Dọ́káàsì fi òróró pa irun, ó wọ yunifọ́ọ̀mù tó lọ̀, ó jókòó lórí àpótí rẹ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Ẹnikẹ́ni ò wá a wá. Oṣù kejì dé, bákan náà ni. Margaret ń tù ú nínú, ó ní bóyá iṣẹ́ oko ló pọ̀. Ọmọ náà kàn ń rù. Ó dẹ́kun àtibá wọn jẹ nínú abọ́, ọmọ Òkúkù méjì sì bá a dẹ́kun. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan ló wá di ẹrù rẹ̀, ó ní òun ń lọ sílé láti lọ bẹ ìyá òun, òun kò sì ní padà wá mọ́.

Margaret dì mọ́ àpótí. Ó bẹ̀ ẹ́, ó ní kó dúró kí wọ́n gbàdúrà sí i.

Dọ́káàsì wò ó, kò bínú, ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ó ní, "Margaret, ìyá mi ti kọ̀ mí nítorí yín. Ẹ̀pà yín ti wọ́n jù fún mi."

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Òkúkù gbé àpótí náà ru. Ó ní, "Ọ̀ṣuntóyìn, jẹ́ ká máa lọ, n ò sì ní fọ abọ́ kankan, ẹni tó bá fẹ́ kó fọ́ ọ mọ́ mi lórí."

Ọmọ́dára ló ń bu gààrí nígbà náà, ọmọ Inísà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lọ́dún yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sínú gààrí. Ó bèèrè lọ́wọ́ Margaret pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹnìkan wà níbí tó ń jẹ́ Ọ̀ṣuntóyìn ni?"

Ọmọ́dára ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní ọjọ́ àbẹ̀wò àkọ́kọ́ yẹn. Ó ní ìyá kan fẹsẹ̀ rìn wá láti Òkúkù, eruku bò wọ́n dé orúnkún, wọ́n ru àádùn tí wọ́n di sínú ewé, wọ́n ní Ọ̀ṣuntóyìn ọmọ Fátóògùn ni àwọn ń bèèrè. Ó ní òun wo ìwé, kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní kí òun tún un wò, òun tún un wò. Wọ́n jókòó lórí òkúta ẹnu ọ̀nà títí di ọ̀sán. Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n bi òun pé ṣé ọmọ àwọn ti kú ni. Ọmọ́dára ti ń sunkún nígbà tó dé ibẹ̀. Ó ní òun dáhùn pé òun ò lè mọ̀, nítorí òun ò gbọ́ orúkọ yẹn rí.

Ìwé tó lò ní ẹnu ọ̀nà, Margaret ló kọ ọ́. Wọ́n ní kó kọ orúkọ àwọn ọmọ ilé-ìwé jáde, ìwé ẹgbẹ́ ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ ló ti dà wọ́n kọ. Ó sọ fún mi pé ní ìṣẹ́jú yẹn, òun wo ọwọ́ ara òun bí ẹni wo ọwọ́ olè.

Ní kùtù ọjọ́ kejì, òyìnbó obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá àgbà fún wọn láyè, Margaret àti Ọ̀ṣuntóyìn sì wọ lọ́rì tó ń lọ sí Ọ̀fà. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Òkúkù. Àwẹ̀ró, ìyá ọmọ náà, wà níta gbangba, ó ń ran òwú. Nígbà tí ọmọ ní "Ìyá mi," ìyá ò dìde. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ló kọ́kọ́ wò, bóyá ó kan ilẹ̀. Láti oṣù méjì yẹn ni wọ́n ti gbà pé ọmọ ti kú sí ọ̀nà ibìkan, ẹni tó bá sì kú báyẹn, wọ́n ní ó lè máa fi ara hàn ní ìlú mìíràn bí àkúdàáyà. Ó na ọwọ́, ó ká ọwọ́ aṣọ ọmọ náà sókè, ó wá àpá iná kan tó wà ní ìgúnpá rẹ̀ láti kékeré. Nígbà tí ìka rẹ̀ bà á, ìrànwú já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Margaret ti kúnlẹ̀. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ láìfi ohun kan pamọ́, orúkọ, ìwé, òfin abọ́, gbogbo rẹ̀. Ó ń retí kí wọ́n ṣépè. Àwẹ̀ró jẹ́ kó sọ ọ́ tán, ó wá ní kó dìde, nítorí òkúta wà níbi tó kúnlẹ̀ sí. Ó wọlé, ó gbé ewé àádùn ọjọ́ yẹn jáde. Àádùn náà ti bu, ṣùgbọ́n kò lè dà á nù. Ó sọ fún Margaret pé ọdún méje ni òun fi ń pọn omi fún Ọ̀ṣun lódò kí òun tó rí ọmọ náà bí, gbogbo ọdún méje yẹn ló sì wà nínú orúkọ tí òun sọ ọ́.

Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fún un ní tuntun bó bá wù yín, n ò bá yín jà. Ọmọ tí a fẹ́ràn, orúkọ rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Àmọ́ èyí tí mo fún un, ẹ má gbé e sọnù. Òun ni mo fi ń wá a."

Ṣé èpè nìyẹn? Gbogbo ohun tí ìyá náà sọ nìyẹn. Ó wá fún àwọn ọmọ méjèèjì ní ẹ̀kọ gbígbóná àti ẹ̀fọ́, ó sì jókòó tì wọ́n títí wọ́n fi jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí àwọn méjèèjì padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, Margaret ra ìwé tuntun. Ó kọ orúkọ gbogbo wọn sínú rẹ̀ lódindi, ti ilé àti ti ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ìgbà náà, kí wọ́n tó fọwọ́ kan abọ́ ní ọjọ́ Ìsinmi, ẹnìkan á dìde, á sọ orúkọ rẹ̀ délẹ̀, ẹni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àti ìdí rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ Ìkìrun ti mọ ilé ọmọ Òkúkù, tí Inísà fi àpótí sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ní ọjọ́ àbẹ̀wò tó tẹ̀ lé e, Ọmọ́dára ti ń dúró de Àwẹ̀ró lójú títì. Ó gba ẹrù lórí wọn, ó ń sáré níwájú, ó ń pariwo orúkọ Ọ̀ṣuntóyìn. Àwẹ̀ró da àádùn sínú abọ́ tánńganran. Kò bá wọn gbàdúrà, ó kàn dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣe àmín, òun náà dáhùn pé, "Àṣẹ."

Ọ̀ṣuntóyìn di tíṣà ní Òkúkù títí dòní. Dọ́káàsì ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí Tíṣà ṣì wà ní Ìkìrun, ó máa ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá bó bá ń bọ̀ láti Òṣogbo, òun àti Tíṣà á jọ tẹ́ ẹní kan náà bíi ti àná.

Ní oṣù kìíní ọdún 1968, wọ́n gbé Tíṣà Margaret lọ sí ilé-ìwé mìíràn ní ìlú Eko Ende. Èmi ni mo sìn ín dé ibùdókọ̀. Wọ́n ti di ẹrù tán, ó ti gun iwájú lọ́rì, mo ti kí i pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí ibẹ̀ tù ú lára. Awakọ̀ ti fọn fèrè. Ó déédéé ṣí ilẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú.

Ó ní, "Ìyá Adéọlá, ẹ foríjì mí. Ọdún mẹ́sàn-án rèé, n ò bèèrè rí. Kí ni orúkọ tí màmá yín máa ń pè yín?"