Pẹ́pẹ́yẹ Méjì Lójú Adágún

"Wò ó dáadáa kí o tó sọ̀rọ̀," ni ẹ̀gbọ́n màmá mi máa ń wí bí a bá lọ wo pẹ́pẹ́yẹ lórí adágún ńlá ní ìgbà òtútù. Bí wọ́n bá ti dárúkọ ẹyẹ, èmi á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Bí wọ́n bá tilẹ̀ ṣì í, mi ò lè bá àgbà jiyàn.

Ní Sátidé kan, wọ́n nawọ́ sórí omi. "Pẹ́pẹ́yẹ funfun méjì."

Ọ̀rá tí wọ́n fi ń kó ọjà méjì ni, nítòsí wa gan-an. Ẹ̀gbọ́n màmá mi yìí ló sì wa mọ́tò gbé wa gba freeway, òpópónà tí mọ́tò ti ń sáré gan-an, wá láti ìlú Denton. Ẹ̀rù bà mí, ojú sì tì mí.

"Ẹ má bínú, sà. Ọ̀rá ni."

Wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. "Gbogbo 'bẹ́ẹ̀ ni' tí ò ń wí, mo gbà á gbọ́. Mo ṣebí ojú mi ṣì ń ríran."