Virgil Tackett, Ọkọ̀ Rẹ̀ àti Ààjà Tó Ń Lé Kiri

Ọjọ́ tí ààjà wá kí Virgil Tackett nílé, Virgil ò sí nílé. Àtàárọ̀ ló ti gbé ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù rẹ̀ jáde, ó ń wá ààjà lọ sí ìhà Texas, ó ti rin ọgọ́rùn-ún máìlì. Ààjà bá gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọ Bodine ní Oklahoma, ó ya sí oko rẹ̀, ó ká òrùlé ilé adìyẹ, ó gbé àga tí Virgil máa ń jókòó sí lábẹ́ igi, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Oleta, ìyàwó rẹ̀, yọjú láti ẹnu yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń sá sí nígbà ìjì, ó rí gbogbo ẹ̀ pátá.

Virgil dé nírọ̀lẹ́, ó dúró láàárín àgbàlá.

"Ṣé ó tóbi?"

"Mo wà láàyè o, o ṣeun tó o béèrè," ni Oleta dá a lóhùn. "Àwọn adìyẹ náà ní kí n kí ẹ."

"Oleta, mo ní ṣé ó tóbi?"

"Ó tóbi. Ó tún rẹwà. Ó tiẹ̀ dúró díẹ̀, àfi bíi pé ó ń wá ẹ."

Títí dòní, bí ẹnìkan ní Bodine bá ń wá jígí ojú ẹ̀ kiri nígbà tó wà lórí imú ẹ̀, "Virgil" ni wọ́n ń pè é.

Àmọ́ ẹ má fi ọkùnrin náà ṣeré. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi tún ẹ̀rọ ṣe ní àká ọkà ìlú náà, kò sì sí irin tó lágídí jù ú lọ. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó rí òkú píkọ́ọ̀pù kan nínú pápá Harley Pruitt, aládùúgbò rẹ̀. Màlúù ló ń fi í yún ara, agbọ́n ló ń gbé inú ìjókòó ẹ̀. Virgil wọ́ ọ wálé láti fi máa lé ààjà, ó tú ẹ́ńjìnnì ẹ̀ palẹ̀ sórí tábìlì oúnjẹ Oleta. Lọ́jọ́ Ìdúpẹ́ ọdún yẹn, orí ìdúró ni gbogbo ẹbí ti jẹ tòlótòló, torí ẹ́ńjìnnì ló ni tábìlì.

Ó jó wáyà ọgbà màlúù mọ́ iwájú ọkọ̀ kí yìnyín má baà fọ́ gíláàsì. Ó fi ìgbakọ mẹ́rin ṣe ohun tó ń yí lórí òpó láti fi wọn atẹ́gùn, ìgbakọ ta ni, bí kò ṣe ti Oleta! Ife ni obìnrin náà fi ń bu ọbẹ̀ fún odidi oṣù kan. Lẹ́yìn náà ló to irin tó nípọn sábẹ́ ọkọ̀, kí ìjì má baà lè gbé e.

"Òótọ́ ni, ìjì ò lè gbé e," ni Harley wí, nígbà tó fi katakata ẹ̀ fà á jáde nínú ẹrẹ̀ pupa lẹ́ẹ̀kẹta. "Àmọ́ òun náà ò lè gbé ara ẹ̀."

"Katakata ẹ ni mo ránṣẹ́ pè, Harley. Mi ò ránṣẹ́ pe ẹnu ẹ."

Ọdún mẹ́fà ló fi lé ààjà tí kò rí ẹyọ kan. Ìgbà yẹn ni dókítà sọ fún un pé ojú rẹ̀ ń kú lọ láti àárín, kò sì ní oògùn. Ó jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ilé ìwòsàn, Oleta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kò sì tan ẹ́ńjìnnì.

"Ẹyọ kan péré ni mo fẹ́ fojú mi rí, Oleta. Kó dúró níwájú mi, kí n wò ó tẹ́rùn."

Oleta ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń bá a lọ, máàpù lórí ẹsẹ̀, búrẹ́dì àti ẹran nínú àpò.

Nínú oṣù Karùn-ún, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n wà lórí òkè tó wà níwọ̀ oòrùn Bodine. Ìkùukùu dúdú ń yí, ìrù ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Virgil bọ́ sílẹ̀. Oleta wo ibi tí ìjì kọjú sí: ìlú wọn ni. Ó gbé rédíò ìbánisọ̀rọ̀ inú ọkọ̀, ó ké sí ilé panápaná.

"Iná ti lọ níbí!" ni wọ́n fèsì. "Fèrè ìdágìrì ò dún!"

Virgil gbọ́ ọ. Ó wo ìkùukùu náà, ó ṣí ìlẹ̀kùn ọkọ̀.

"Wọlé, Oleta."

"Virgil, ó kù díẹ̀ kó kanlẹ̀. Wò ó ná, ìṣẹ́jú kan péré."

"Mo ní o wọlé!"

Ó kọ ẹ̀yìn sí i. Ọkọ̀ tó máa ń rá pálá gun òkè, irin abẹ́ ẹ̀ ló fi sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Virgil ò gbọ́wọ́ kúrò lórí fèrè ọkọ̀, ó yí ìlú po lẹ́ẹ̀mẹta. Harley sáré jáde pẹ̀lú ọṣẹ ìfárùngbọ̀n lẹ́nu.

"Virgil, ṣé orí ẹ ti dàrú ni?"

"Wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ, ọ̀dẹ̀! Ó ti dé!"

Òun àti Oleta ló wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kẹ́yìn. Ààjà gbé òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, ó wó ilé mọ́kànlá. Ẹnikẹ́ni ò kú, ajá kan ò kú. Nígbà tí wọ́n jáde, ẹnìkan bi í pé báwo ló ṣe rí.

"Mi ò mọ̀," ni Virgil wí. "Mi ò rí i."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Oleta di apá ọkọ ẹ̀ mú, orí ẹ̀ wú.

Kí ọdún tó yí po, ojú Virgil ti lọ. Àmọ́ ará Bodine, tí sánmà bá ṣú, wọn kì í wọlé bọ̀rọ̀, ìta ni wọ́n máa ń dúró sí wò ó títí dẹ̀yìn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Virgil ni wọ́n wá ń dúró sí báyìí, kí wọ́n lè máa ròyìn fún un.

"Ó dúdú," ni Harley máa ń sọ.

"Dúdú báwo?"

"Ó dúdú ṣáá ni, Virgil."

"Ẹ bá mi lé ọkùnrin yìí lọ sílé ẹ̀ o! Oleta, sọ fún mi, jọ̀ọ́."

Ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́ mọ́kànlélọ́gọ́rin nígbà tó sùn tí kò jí, nínú oṣù Kọkànlá. Nígbà tí ìjì àkọ́kọ́ ọdún tuntun ṣú, Oleta nìkan jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò pẹ́ tí Harley fi dé, àwọn yòókù náà ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ṣí fìlà.

"Virgil, láti ìwọ̀ oòrùn ló ti ń bọ̀," ni Oleta bẹ̀rẹ̀. Ó fọwọ́ di òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú.

Harley súnmọ́ ọn. Ó wo sánmà fún ìgbà pípẹ́.

"Ìdí ẹ̀ tẹ́jú, Virgil. Etí ẹ̀ ní àwọ̀ ewé díẹ̀. Ó rọra ń yí."

Ẹlòmíì fi kún un, ẹlòmíì tún fi kún un. Wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n ń sọ ọ́ fún un, títí òjò fi lé gbogbo wọn wọlé.